Ẹni Tó Dákẹ́, Ṣé Ó Ti Gbà? Ìtàn Ìjà Lórí Owó Àsansílẹ̀ Ìwé Ìròyìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Òwe yìí ni a fi ń gba ẹni tí wọ́n ń yàn jẹ níyànjú pé kó la ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn. Bí ẹnì kan bá fi ọjà lọ̀ mí, tí mo sì dákẹ́, ṣé mo ti gbà ni àbí mo ti kọ̀? Àwọn adájọ́, àwọn òǹtẹ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn aṣòfin ti fa ìbéèrè yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan nínú ibi tí ìjà náà ti gbóná jù ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè rò, èyí ni ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn tí à ń san owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá san owó ọdún kan fún ìwé ìròyìn olóṣooṣù, àdéhùn náà parí nígbà tí ọdún bá pé. Bí ó bá tún fẹ́, yóò tún sanwó. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn máa ń tọ́jú nọ́ńbà káàdì báńkì òǹkàwé. Bí ọdún bá pé, wọn á yọ owó ọdún tó ń bọ̀, àfi bí òǹkàwé bá ti kọ̀wé sí wọn pé òun kò ṣe mọ́. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n kà sí ẹni tó gbà. Òǹtẹ̀wé á ní, "Ó wà nínú àdéhùn wa." Òǹkàwé á ní, "Ta ló bi mí?"

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ìjà yìí ti pẹ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Mo tún fẹ́ fi hàn pé ìdákẹ́jẹ́ kan náà yìí ti ṣiṣẹ́ fún òǹkàwé rí, kí ó tó di ohun tí òǹtẹ̀wé ń fi pawó. Lẹ́yìn náà, n ó sọ ohun tó kan àwa ọmọ Nàìjíríà nínú rẹ̀.

Orí ilẹ̀ oko ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ní Róòmù àtijọ́, àgbẹ̀ lè háyà ilẹ̀ oko fún iye ọdún kan. Bí ọdún náà bá pé, tí àgbẹ̀ kò kúrò, tí ó ṣì ń ro oko, tí onílẹ̀ sì ń wò ó láìsọ nǹkan kan, òfin kà á sí pé àwọn méjèèjì ti tún àdéhùn ṣe fún ọdún kan sí i. Ulpian, amòfin ńlá tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé ṣe ìwé òfin ńlá rẹ̀ ní 1804 lábẹ́ Napoleon, irú òfin bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀ fún ilé àti ilẹ̀ tí a háyà.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àgbẹ̀ tó wá dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ nílẹ̀ wa a máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún un lọ́dọọdún. Wọn kì í pe ẹlẹ́rìí jọ lọ́dọọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé àgbẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Iṣu tàbí epo tó gbé wá ti sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín, nítorí pé a óò nílò rẹ̀ níwájú. Ní Róòmù àti nílẹ̀ Yorùbá, ìdákẹ́jẹ́ nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ wà lórí ilẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ ń dún, ojú onílẹ̀ sì ń rí i. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ mọ́, kò sí ohun tó fara sin fún un.

Nígbà tí òǹkàwé ni ó ń jẹ gbèsè

Ní oṣù Kejìlá 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ẹni tó bá ka owó ẹyọ rẹ̀ sílẹ̀ á gba ìwé, ó parí. Títà àti rírà ojúkojú báyìí kì í fa àríyànjiyàn pé ta ló jẹ ta.

Ní Amẹ́ríkà lákòókò kan náà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Inú oko jíjìn ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń gbé, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ìwé ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, àwìn sì ni wọ́n máa ń gbà á. Òǹtẹ̀wé á máa fi ìwé ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, á sì máa retí owó. Àwọn mìíràn fi igi ìdáná tàbí irè oko san tiwọn. Àwọn mìíràn kò san rárá, wọ́n kàn ń kàwé, wọ́n sì dákẹ́.

Àwọn òǹtẹ̀wé wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun kan tí wọ́n pè ní òfin ìwé ìròyìn sínú ìwé wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá kọ̀wé pé òun kò ṣe mọ́, ẹni tó ṣì ń fẹ́ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń gba ìwé náà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Wọ́n tún ní ẹni tó jẹ gbèsè kò lè dá ìwé dúró títí yóò fi san gbogbo gbèsè rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan á tẹ̀ ẹ́, òmíràn á dà á kọ. Ilé aṣòfin kọ́ ló jókòó ṣe òfin yìí, ṣùgbọ́n bí òfin tòótọ́ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé èyí ni àdéhùn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú ìtàn ìwé ìròyìn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ káàdì báńkì.

Ìyà irú èyí jẹ àwọn ará Èkó náà. Nígbà tí ìwé ìròyìn bíi Lagos Times, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1880, ń jáde, gbèsè àwọn tó ń kàwé láìsanwó wà lára ìṣòro tó ń fa àwọn òǹtẹ̀wé ìgbà náà sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òǹtẹ̀wé ni ó máa ń jẹ́ ọ̀daràn nínú ìjà yìí kò tíì ka ìtàn dé ìdí. Nígbà kan rí, òǹkàwé ni ó ń fi ìdákẹ́jẹ́ jẹun.

Bí a bá ń sọ ti gbígba gbèsè, a kò lè gbàgbé àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló. Wọ́n a ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á ní ìlóṣòó náà ni àwọn máa wà títí àwọn yóò fi gba owó. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ìtìjú wà nínú rẹ̀ fún ajigbèsè, ṣùgbọ́n ààbò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń rí ojú ẹni tó wá gbowó. Ó lè sọ pé aṣọ náà ti ń ṣí, tàbí pé iye tí wọ́n ń pè kọ́ ni wọ́n jọ ṣe. Ẹ fi Òṣómàáló sọ́kàn, nítorí pé agbowó tí kì í wá sílé ń bọ̀ nínú ìtàn yìí.

Ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ lé lórí

Ní 1862, ẹjọ́ kan wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà ṣì ń kà dòní, nítorí pé ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú òfin wa ti ibẹ̀ wá. Paul Felthouse fẹ́ ra ẹṣin kan lọ́wọ́ John Felthouse. Ẹbí kan náà ni wọ́n, Paul sì ni àgbà. Àṣìgbọ́ kan wà láàárín wọn lórí iye owó: ọ̀kan rò pé £30 ni, èkejì rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Paul kọ̀wé sí John pé kí àwọn pín ìyàtọ̀ náà sí méjì, kí ó jẹ́ £30 àti ṣílè 15, ó sì ní bí òun kò bá gbọ́ nǹkan kan mọ́, òun yóò kà á sí pé ẹṣin ti di ti òun.

John kò fèsì. Ní ọkàn rẹ̀, ó fẹ́ ta ẹṣin náà fún Paul, ó tilẹ̀ sọ fún Bindley tó ń bá a ta àwọn ẹran rẹ̀ ní gbàǹjo pé kó yọ ẹṣin náà sẹ́yìn. Bindley gbàgbé, ó tà á. Paul pe Bindley lẹ́jọ́ pé ó ta ẹṣin òun. Ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe ẹṣin rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi lẹ́tà tirẹ̀ sọ ìdákẹ́jẹ́ ẹlòmíràn di "bẹ́ẹ̀ ni". John kò jẹ Paul ní èsì, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò sì so ó mọ́ àdéhùn kankan.

Ìdájọ́ yìí dára, ó sì ṣe kedere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kò dí. Bí John bá ti fọwọ́ sí ìwé kan ṣáájú, pé lọ́jọ́ iwájú bí òun bá dákẹ́ òun ti gbà, ńkọ́? Ihò tí àdéhùn ìwé ìròyìn òde òní gbà wọlé nìyẹn. Òǹtẹ̀wé kò ní kí ìdákẹ́jẹ́ rẹ dá àdéhùn sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o sanwó, o ti fọwọ́ sí i pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ yóò máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe yí ẹ̀gbẹ́ padà

Kí ló mú kí àwọn òǹtẹ̀wé wá ihò náà? Mo rò pé ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ó tì wọ́n síbẹ̀. Òfin 1879 fún àwọn ìwé ìròyìn ní owó ìfìwéránṣẹ́ tó dín gan-an, bí wọ́n bá ní àwọn òǹkàwé tòótọ́ tó ń sanwó. Nígbà tó yá, ìjọba rí i pé ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò san kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1908, òfin tuntun fi gbèdéke sí i. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ ju ọdún kan lọ, tàbí ti olóṣooṣù ju oṣù mẹ́rin lọ, kì í ṣe òǹkàwé tòótọ́ mọ́. Wọn kò lè fi owó tó dín fi ìwé ránṣẹ́ sí i.

Bí àwìn ṣe wọlẹ̀ nìyẹn. Owó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé. Àsansílẹ̀ sì máa ń tán. Bí ó bá ti ń ku díẹ̀ kí ọdún pé, òǹtẹ̀wé á kọ lẹ́tà, á kọ òmíràn, á fi òǹtẹ̀ lẹ̀ ẹ́, á máa bẹ òǹkàwé pé kó tún sanwó. Owó ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ ti lọ nìyẹn. Ìdákẹ́jẹ́ tí òǹkàwé ń fi jẹ ìwé láwìn tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí òǹtẹ̀wé ń bẹ̀rù. Ta ni kò ní wá ọ̀nà láti yí i padà?

Ẹgbẹ́ olùrawé kan tí Harry Scherman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1926, Book-of-the-Month Club, fi ọ̀nà náà han ayé. Wọ́n á kọ̀wé sí ọmọ ẹgbẹ́ pé ìwé báyìí ni ti oṣù yìí. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kó dá káàdì kékeré kan padà. Bí kò bá dá a padà, ìwé á dé, owó rẹ̀ á sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn oníṣòwò mìíràn rí i pé ó mówó wọlé. Ìdí rẹ̀ kò le: ènìyàn a máa gbàgbé, iṣẹ́ a máa pọ̀, káàdì a máa sọnù lábẹ́ tábìlì.

Àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ní 1970, òfin ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ní ọjà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ẹ̀bùn ni. Ó lè lò ó tàbí kó jù ú nù, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọdún kejì, 1971, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọjà tí a kò béèrè. Ní 1973, àjọ tó ń mójú tó òwò ní Amẹ́ríkà, Federal Trade Commission, ṣe òfin fún àwọn ẹgbẹ́ olùrawé: wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àdéhùn kedere, kí wọ́n sì fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, láti sọ bóyá òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, nínú gbogbo èyí, òǹkàwé ṣì ní agbára kan. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láti san, òǹtẹ̀wé ni yóò máa lé e kiri. Káàdì báńkì ló gba agbára yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òǹtẹ̀wé ti ní nọ́ńbà káàdì, òun ni yóò kọ́kọ́ mú owó, òǹkàwé ni yóò wá máa lé e kiri. Òṣómàáló tuntun yìí kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. A kì í rí ojú rẹ̀, kò sì ní dúró gbọ́ bóyá aṣọ ti ń ṣí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2006 jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ 23 ní Amẹ́ríkà parí ìwádìí kan lórí Time Inc., ilé iṣẹ́ tó ń tẹ Time, People, Fortune àti Sports Illustrated nígbà náà. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti fẹjọ́ sùn pé wọ́n ń tún àsansílẹ̀ àwọn ṣe, wọ́n sì ń gba owó, láì jẹ́ kí ó yé àwọn tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti máa ṣàlàyé kedere, ó sì gbà láti dá owó padà fún àwọn òǹkàwé tó tọ́ sí. California lo ìrírí yìí nígbà tó ṣe òfin ní 2009, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2010: òǹtẹ̀wé gbọ́dọ̀ fi àdéhùn náà síbi tí ojú yóò ti rí i, kí òǹkàwé fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, kí wọ́n sì fi ọ̀nà tó rọrùn láti dá a dúró hàn án. Bí ọjà bá dé láìsí ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn ni. Ẹ rí i pé èrò 1970 ni ó padà wá.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tọ ọ̀nà tiwọn. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin 2005 tí wọ́n fi orúkọ aṣòfin Luc Chatel pè ní kí oníṣòwò kọ̀wé rán oníbàárà létí kí ọjọ́ tó lè kọ̀ tó kọjá. Bí kò bá kọ̀wé, oníbàárà lè jáde nígbà tó bá wù ú. Ní Jámánì, láti oṣù Kẹta 2022, àdéhùn tuntun tó bá tún ara rẹ̀ ṣe lè dúró láàárín oṣù kan tí oníbàárà bá sọ̀rọ̀, láti oṣù Keje ọdún náà sì ni bọ́tìnnì ìdádúró ti gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024. Ní Amẹ́ríkà, Federal Trade Commission kéde ní oṣù Kẹwàá 2024 pé jíjáde gbọ́dọ̀ rọrùn bíi wíwọlé, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ fagi lé òfin náà ní oṣù Keje 2025, nítorí pé àjọ náà kò tẹ̀ lé gbogbo ìlànà tó yẹ kó tó ṣe é. Ìjà náà kò tíì parí.

Nígbà tí ìwé bá ré òkun kọjá

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa náà. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, san àsansílẹ̀ ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan fún èmi àti àbúrò mi. Yóò kó ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́rin jọ, á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Owó ọdún àkọ́kọ́ dín. Nígbà tí ọdún pé, wọ́n yọ owó ọdún kejì láti inú káàdì rẹ̀, kò sì dín mọ́. Lẹ́yìn bí oṣù méjì ni ó rí i. Ó pè wọ́n. Wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn, àwọn sì ti fi íméèlì rán an létí. Lẹ́yìn tó pè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dá owó ẹ̀dà tí kò tíì jáde padà. Wọn kò dá ti méjì tó ti jáde padà.

Kí n sọ òótọ́, inú mi kò dùn pé ìwé náà dúró. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo bi màmá mi pé kí ló dé tí àǹtí fi bínú tó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ó ti fẹ́ rà fún wa tẹ́lẹ̀. Màmá mi ní, "Ká ní wọ́n bi í ni, ó lè san án tayọ̀tayọ̀." Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bi ọ́ kó tó mú nǹkan rẹ kà ọ́ sí ènìyàn.

Fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà sanwó, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Àkọ́kọ́ ni ti owó. Ká ní ìwé ìròyìn kan jẹ́ $40 lọ́dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì, ₦18,400 ni. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, tí dọ́là ti tó ₦1,500, ìwé kan náà ti di ₦60,000. Òǹtẹ̀wé kò fi kọ́bọ̀ kan lé e, àdéhùn náà kò yí padà, síbẹ̀ ohun tí òǹkàwé gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ náírà kò lè sọ pé kò já mọ́ nǹkan kan.

Èkejì ni ti òfin. A ní òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n fi ọdún 2018 pè, tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Láti 2016 ni àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù náà ti fún wa ní nọ́ńbà 2442, tí a lè fi dá àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò béèrè dúró. Ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀wé bá wà ní New York, tí òǹkàwé wà ní Ìlọrin, lílé $40 kiri láti ilé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ yóò ná an ju $40 lọ. Àwọn tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ pawó mọ èyí. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀, kò sì sí ẹni tó máa torí rẹ̀ gba agbẹjọ́rò.

Ẹ̀rí ẹ̀gbẹ́ kejì

Kò yẹ kí a fi igbá kan bo ọ̀kan mọ́lẹ̀. Àwọn òǹtẹ̀wé ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò fẹ́ kí ẹ̀dà kan fò wọ́n. Wọ́n ní lẹ́tà ìránnilétí ń náni lówó, owó náà sì ń padà wá sórí iye ìwé. Wọ́n ní omi àti iná mànàmáná kì í dúró lópin ọdún kó bi wá bóyá a ṣì fẹ́. Òótọ́ wà nínú èyí. Ìṣákọ́lẹ̀ tí mo sọ níṣàájú pàápàá, àdéhùn tó ń bá a lọ láìsí ariwo ni.

Ṣùgbọ́n ìtàn ti fi ìyàtọ̀ hàn wá. Àgbẹ̀ mọ̀ pé òun wà lórí ilẹ̀, ẹni tó tan iná rí i pé iná ń jó. Òǹkàwé tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lè má rí nǹkan kan títí owó yóò fi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òǹtẹ̀wé ìgbà àtijọ́ ṣe pariwo nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ òǹkàwé ń pa wọ́n lára. Wọ́n ní kò tọ́ kí ẹnì kan máa jẹ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn láìsọ̀rọ̀. Òdodo ni wọ́n sọ nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ òdodo fún wọn ní 1880, òdodo ni fún òǹkàwé lónìí.

Nítorí náà, ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ ń mú èrè wá fún ni ó yẹ kó béèrè. Bí òǹkàwé ló ń jèrè, kí òǹkàwé sọ̀rọ̀, kó sì sanwó. Bí òǹtẹ̀wé ló ń jèrè, kí òǹtẹ̀wé bi í kí ọjọ́ tó pé. Ní òde òní, íméèlì kan kò náni ní owó òǹtẹ̀ lẹ́tà, nítorí náà àwáwí 1908 ti tán.

Títí òfin yóò fi dúró gbọn-in níbi gbogbo, ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe tiwa. Kí òbí tó bá fẹ́ san àsansílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ìwé, kó sì wo ibi tí ọ̀nà ìjáde wà kó tó wọlé. Kó kọ ọjọ́ tí ọdún yóò pé sára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Kí olùkọ́ tó ń ra ìwé fún ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ béèrè bóyá ó lè sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìfi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́, tí ọwọ́ wa yá lórí fóònù ju ti àwọn òbí wa lọ, máa bá wọn yẹ ìwé báńkì wò lóṣooṣù. Bí a bá sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, kí a kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà ohun tí a kọ.